Bí aṣọ wíwọ̀ bá di ìjà láàárọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń tọ́jú àgbà tó ní àrùn ìgbàgbé

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé sí ilé ni mo sì ti ń bẹ àwọn àgbà wò. Ẹ lè rò pé oúnjẹ tàbí oògùn ni àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé máa kọ́kọ́ ké sí mi lé lórí. Aṣọ ni. Ìbéèrè wọn jọra débi pé mo kúkú kó wọn jọ síbí.

Láti kékeré ni màmá mi ti ń dá múra. Ọwọ́ wọn ò rọ, ojú wọn sì ń ríran. Kí ló dé tí bùbá lásán wá ń dà wọ́n láàmú?

Ẹ wo bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe wọ bùbá lónìí. Ẹ yan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ mọ̀ pé kọ́mú ló ń ṣáájú, ẹ mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, ẹ wá ojú ọrùn, ẹ ti ọwọ́ ọ̀tún bọ apá ọ̀tún. Ọpọlọ ló ń to gbogbo rẹ̀ tẹ̀ léra láìjẹ́ kẹ́ ẹ fura. Ètò yẹn gan-an ni àrùn ìgbàgbé, tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà, máa ń tú ká. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí bàbá tó wọ pátá lé ṣòkòtò lórí, tàbí màmá tó ń gbìyànjú láti ti ẹsẹ̀ bọ apá bùbá. Oríkunkun kọ́.

Ojú náà wà ńbẹ̀. Ojú lè ríran kí ọpọlọ má mọ ohun tí ojú rí. Bùbá funfun tẹ́ ẹ fi lé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí lè má hàn sí wọn rárá. Ẹ gbé e lé aṣọ búlúù, wọ́n á rí i. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú lójijì lè dà bíi kòtò lójú wọn, kí wọ́n máa bẹ̀rù láti gbẹ́sẹ̀ sí i nígbà tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dìde wọ ṣòkòtò.

Dìmẹ́ńṣíà pọ̀ ní oríṣi. Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù. Òmíràn ń tẹ̀ lé rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú, òmíràn sì tún wà tó ń mú kí ara gan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà èyí tó ń ṣe òbí yín, torí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wọṣọ fún ẹni tí apá kan rẹ̀ rọ yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ayé ló ń ṣe màmá. Àwọn aládùúgbò ní àjẹ́ ni wọ́n, nítorí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ lójú pópó.

Mo ti gbọ́ èyí ju bó ṣe yẹ lọ. Kí arúgbó obìnrin rìn jáde ní ìhòòhò ní ìdájí, kó má lè sọ ibi tó ti ń bọ̀, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á ní ẹyẹ ló já lulẹ̀ tó di ènìyàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń ju òkò.

Àìsàn ọpọlọ ni, kò sì yọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà nínú àwọn aṣáájú wọn, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè wò. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n ti ṣe tiwa. Nínú èsì tó jáde ní 2001, iye àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ṣùgbọ́n ó ń mú wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àrùn òyìnbó ni, ẹ ní kó lọ bi wọ́n ní Ìdíkàn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lónìí ni pé kẹ́ ẹ sọ fún àwọn tó ń rí ọ̀nà yín: màígáàdì, ìyá olóúnjẹ tó wà ní ìkóríta, lèmọ́mù tàbí pásítọ̀. "Àìsàn ló ń ṣe màmá wa o, bẹ́ ẹ bá rí wọn níta, ẹ dáṣọ bò wọ́n, kẹ́ ẹ pè wá." Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán nọ́ńbà fóònù yín sí inú ọrùn bùbá wọn.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe é gan-an? Ẹ tò ó fún mi.

Ẹ jẹ́ ká mú màmá tó ń wọ ìró àti bùbá.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tọ̀. Àgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kò ní jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ pa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ká kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ ti fèrèsé. Àga tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé, tó sì dúró ṣinṣin, dára ju etí bẹ́ẹ̀dì lọ, torí fóòmù máa ń rì lábẹ́ ènìyàn.

Ẹ to aṣọ lélẹ̀ bí wọ́n ṣe máa wọ̀ ọ́: kọ́mú lókè pátápátá, lẹ́yìn náà bùbá, pátá, yẹ̀rì, ìró, kí ìborùn wà nísàlẹ̀. Èyí tí wọn ò ní wọ̀ lónìí, ẹ má jẹ́ kó wà ní ìtòsí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n yàn, ẹ gbé méjì sókè lójú wọn: "Ṣé àdìrẹ yìí ni, àbí àńkárá yìí?" Ìbéèrè bíi "Kí lẹ fẹ́ wọ̀, Màmá?" ti tóbi jù fún wọn. Bó bá ti di pé méjì náà ń dà wọ́n lọ́kàn rú, ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ yìn ín: "Ẹ wo àdìrẹ tó bá yín lára mu yìí."

Ẹ jókòó síwájú wọn, ojú kojú. Gbólóhùn kan fún ìṣe kan. "Ẹ na ọwọ́ yìí." Ẹ dákẹ́ wàyí. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ ẹ bá sì yára fi ọ̀rọ̀ míì gbà á, ọ̀rọ̀ méjì ló ti wà nílẹ̀ fún wọn láti tú. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ na ọwọ́ tiyín kí wọ́n fi wò ó.

Apá bùbá ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìka máa ń há. Ohun tí àwa nọ́ọ̀sì ń ṣe rèé: ẹ ti ọwọ́ tiyín bọ apá bùbá láti ẹnu rẹ̀ níbi ọrùn ọwọ́, títí ọwọ́ yín á fi jáde lápá èjìká. Ẹ wá di ọwọ́ màmá mú bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ kejì fa aṣọ láti ara ọwọ́ tiyín sí tiwọn. Ìka kankan ò ní há. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá lọ́wọ́, ọwọ́ tó rọ ló ń kọ́kọ́ wọlé. Bẹ́ ẹ bá ń bọ́ ọ, òun ló ń kẹ́yìn jáde. Tó bá ku orí, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, torí aṣọ tó ṣàdédé bo ojú lè mú wọn rò pé ẹnìkan fẹ́ pa àwọn.

Ìsàlẹ̀ wá kù. Nígbà tí wọ́n ṣì jókòó, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì bọ pátá àti yẹ̀rì, kẹ́ ẹ fà wọ́n dé orúnkún. Kí wọ́n wá dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n di nǹkan mú, kẹ́ ẹ fa méjèèjì sókè pọ̀. Ẹ má mú orúnkún àgbà dìde lẹ́ẹ̀mẹta fún aṣọ mẹ́ta.

Èyí tí wọ́n bá ṣì lè ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, ì báà jẹ́ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Mo rí màmá tí kò lè wọ bùbá mọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fi etí ìró lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á ró o, wọ́n á ki etí rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó há. Ọwọ́ wọn rántí ohun tí orí ti gbàgbé. Ẹni tó bá gba ìró yẹn lọ́wọ́ wọn nítorí pé ó ń kánjú ti gba nǹkan tí kò ní rí dá padà.

Nọ́ọ̀sì, èmi gan-an máa ń kánjú. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kúrò nílé.

Ẹ gbé ìwẹ̀ àti aṣọ pípààrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, kó tó di àṣálẹ́, torí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dàrú bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Bùbá tó mọ́, tó fẹ̀, tí wọ́n lè sùn nínú rẹ̀ kí wọ́n sì jí nínú rẹ̀, kò sí òfin tó dè é. Ta ló ní dandan ni aṣọ àárọ̀?

Bàbá mi ò gbà kí n bọ́ aṣọ lára wọn. Aṣọ kan náà ni lójoojúmọ́, ó ti ń rùn.

Ẹ lọ ra irú àńkárá yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi rán aṣọ kan náà méjì tàbí mẹ́ta. Bí wọ́n bá wọlé ìwẹ̀, ẹ gbé èyí tó dọ̀tí kúrò lójú, kí èyí tó mọ́ wà ní ibi tí wọ́n bọ́ ọ sí. Àríyànjiyàn tán.

Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má ṣẹjọ́. "Bàbá, ẹ ti wọ eléyìí láti ọjọ́ Àìkú" kò wúlò fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ Àìkú mọ́. Ìtìjú nìkan ló máa kù lára wọn, ìtìjú yẹn ló sì ń di ìbínú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá pẹ̀lú ojú míì, tàbí kí ẹlòmíì wọlé. Ẹ kì wọ́n. Àgbà tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣì lè na ọwọ́ fún apá bùbá bó bá gbọ́ "Àkànní ọkọ mi" láti ẹnu ìyàwó ilé. Ẹ̀tàn ni? Ó lè jẹ́. Mo fara mọ́ ọn ju kí wọ́n fagbára fa aṣọ lọ.

Wọ́n wọ bùbá mẹ́ta léra, ọ̀kan wà lódì, ìbọ̀sẹ̀ ò sì bára mu.

Ṣé ooru ń mú wọn jù? Ṣé aṣọ ń wọ́ nílẹ̀ tó lè gbé wọn ṣubú? Ṣé ó dọ̀tí? Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkẹrin nìkan ni mo máa ń ní kí wọ́n rọra yọ ìkan, torí àgbà lè má mọ̀ pé ooru ń mú òun, kí omi ara sì gbẹ tán.

Wọ́n ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú àlejò.

Ẹ wádìí kó tó di ìbáwí. Ìtọ̀ lè máa gbọ̀n wọ́n. Rọ́bà ṣòkòtò lè ti gé wọn níkùn. Léèsì máa ń yún ara, ṣítáàṣì náà ń hanni. Pámpáàsì àgbàlagbà tó ti tutù sì ń jóni. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rò pé alẹ́ ti lẹ́, àsìkò oorun ti tó. Ẹ sọ́ àsìkò tó máa ń ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí rẹ̀ á máa hàn.

Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má pariwo. Ẹ fi ìborùn bò wọ́n, kẹ́ ẹ mú wọn wọlé bí ẹni pé ẹ ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ. Aṣọ tó ń ṣí lẹ́yìn lè ran ẹni tó ń bọ́ aṣọ lójoojúmọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má di ẹ̀wọ̀n: ẹni tó ṣì lè dá lọ sí ilé ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ lè ṣí aṣọ ara rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ni mí, èmi àti màmá la jọ ń gbé. Ṣé kí n wá máa wo ìhòòhò ìyá mi ni?

Ẹ lè ṣe é láìwò ó. Ẹ fún wọn ní ìró ńlá kan, kí wọ́n ró o mọ́ àyà kẹ́ ẹ tó bọ́ ohunkóhun, bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣe nídìí kànga láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn. Aṣọ àná á bọ́ sílẹ̀ láti abẹ́ ìró yẹn. Pátá àti yẹ̀rì á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bùbá á gba orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ẹ fa ìró yẹn jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá tí ìyàwó ọmọ ń tọ́jú, táwẹ́ẹ̀lì ńlá nìdí ló máa ṣiṣẹ́ yẹn.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò màmá tó jẹ́ obìnrin nítòsí, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá. Bí owó bá sì wà, ẹ gba obìnrin kan tó lè máa wá láàárọ̀. Ẹ̀yin náà máa nílò ìsinmi.

Ẹ tún kíyè sí ẹnu yín. "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e" yàtọ̀ sí "Ẹ jẹ́ n wọṣọ fún yín." Ẹ má sì sọ ọ́ fún àlejò lójú wọn pé wọn ò lè dá wọ pátá mọ́. Wọ́n ń gbọ́.

Kí ni kí n ní kí télọ̀ ṣe?

Kí okùn ṣòkòtò di rọ́bà tó fẹ̀, tí kò fún. Kí ìró ní rọ́bà tàbí okùn lábẹ́, torí ìró tó tú lójú ọ̀nà ló ń gbé àgbà ṣubú. Kí bùbá ṣí níwájú tàbí kí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Dípò bọ́tìnnì kéékèèké, kí ó lo ohun tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn, tó máa ń dún ràà bẹ́ ẹ bá ṣí i. Ó lè rán bọ́tìnnì lásán sójú ìta kí ẹwà má bàjẹ́. Kọ́mú tó ń ṣí níwájú rọrùn ju tẹ̀yìn lọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó fún díẹ̀ sì ti tó fún ọ̀pọ̀ màmá. Ní ti òde, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ wà lọ́jà, ẹ kàn máa gbé e lé wọn lórí ni. Agbádá dùn-ún wọ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ máa ń kọ́ ilẹ̀kùn, ẹ wọ̀ ọ́ fún wọn bẹ́ ẹ bá ti dé ibi àríyá.

Bàtà ni mi ò gba gbẹ̀rẹ́ lé lórí. Sílípáàsì tó ń yọ lẹ́sẹ̀, ẹ dà á nù. Bàtà tó bo gìgísẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, ni kí wọ́n máa wọ̀, nínú ilé pàápàá.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi ní London. Àwọn tó ń wá tọ́jú wọn láàárọ̀ ń wọ ṣòkòtò fún wọn, màmá sì ń sunkún.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Àwọn tó ń wá kì í pẹ́, oríṣiríṣi ènìyàn sì ni wọ́n. Ẹ kọ pé màmá kò wọ ṣòkòtò rí láyé wọn, ìró ni wọ́n ń wọ̀. Pé orí wọn kì í wà lásán. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí ni wọ́n, pé obìnrin ni kó máa wọṣọ fún wọn. Ẹ kọ pé òrí ni ẹ fi ń pa wọ́n lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ kọ bí wọ́n á ṣe máa pè wọ́n, torí ọmọ ogún ọdún tó wọlé tó pe màmá lórúkọ lásán ti ba òwúrọ̀ yẹn jẹ́ kí aṣọ tó kàn án.

Fún òtútù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra sàn ju súwẹ́tà wúwo kan lọ. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn àti ṣòkòtò onírọ́bà tó rọ̀ lè gba abẹ́ ìró. Ẹ ní kí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, fi yín mọ occupational therapist, ẹni tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti máa ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ fúnra rẹ̀. Ìmúra wà lára iṣẹ́ wọn.

Wọ́n gbá mi létí nígbà tí mo ń fa apá aṣọ.

Ẹ dáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn. Ìrora ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí: èjìká tó gan, egbò tẹ́ ẹ ò tíì rí. Àgbà tí kò lè sọ pé "ó ń dùn mí" mọ́, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Dígí náà lè fà á. Ẹni tó bá rí arúgbó kan nínú dígí tí kò mọ̀ pé òun ni, tó rò pé àjèjì ń wo òun bó ṣe ń bọ́ra, á jà. Ẹ fi aṣọ bo dígí.

Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lù yín, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Ìgbà wo ni aṣọ wíwọ̀ di ọ̀rọ̀ ọsibítù?

Ìgbà tí ẹ bá ń wọṣọ fún wọn ni ẹ ń rí ara wọn jù lọ. Ẹ wo gìgísẹ̀, ìbàdí, egungun ìdí, ìgúnpá. Lára ènìyàn dúdú, egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà lè má pọ́n kó tó bẹ́. Ojú ibẹ̀ á dúdú ju ìyókù lọ, ó lè gbóná, ó lè le tàbí kó rọ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ wo ẹsẹ̀ tó wú, àti ìró tó ti ń já nídìí torí pé wọ́n ń rù.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la ni àyípadà òjijì. Bí màmá tó dá wọ bùbá ní ọjọ́ Ajé kò bá mọ ohun tí bùbá jẹ́ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀, àrùn ìgbàgbé lásán kì í yára bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ àkóràn ilé ìtọ̀, ibà, oògùn tuntun, tàbí àìmumi tó. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí ọwọ́ kan ṣàdédé rọ, rọpárọsẹ̀ ni kẹ́ ẹ rò, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Fún ìtọ́jú àrùn ìgbàgbé fúnra rẹ̀, UCH Ìbàdàn ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, tí wọ́n ṣí ní 2012, ọsibítù Aró ní Abẹ́òkúta náà sì ń gba irú wọn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sínú lailọ́ọ̀nù kan dání, tìbílẹ̀ àti ti kẹ́místì, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tó ṣí níwájú fún wọn, kí dókítà lè gbọ́ àyà wọn láìbọ́ ọ.